Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn Pákó

Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Àwọn tó sọ ọ́ ò tíì rí Moṣọpẹ́ ni, ọmọ Pirinsípà Frederick Adébùsọ́lá ní Ìjẹ̀bú-Òde. Moṣọpẹ́ lẹ́ran láyà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ kún, ara ẹ̀ ń dán, síbẹ̀ owú tó wà nínú ẹ̀ á tó ìyàwó mẹ́ta pín. Nígbà tó wà ní kékeré, bí màmá ẹ̀ bá gbé ọmọ ọlọ́mọ pọ̀n, kò ní jẹun lọ́jọ́ náà. Òun fúnra ẹ̀ mọ̀. Ó máa ń gbàdúrà lórí ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí Ọlọ́run bá òun mú un kúrò, ṣùgbọ́n kó tó délé, owú á ti délé dè é.

Irú obìnrin yìí ló wá lọ kó sínú ìfẹ́ ọkùnrin tó ń fi ọkọ̀ ojú irin ṣeré.

Micah lorúkọ ọkùnrin náà. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní àwòrán ilé yíyà ní Odògbolú, ó sì ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Imùṣin nínú ilé tí bàbá ẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Iṣẹ́ rélùwéè ni bàbá náà fi ọjọ́ ayé ẹ̀ ṣe, ní Ọ̀fà, kó tó padà wá kú sí Ìjẹ̀bú tí ojú irin ò gbà kọjá. Lẹ́yìn ìsìnkú, Micah kó àga kúrò ní pálọ̀, ó kan tábìlì pákó láti ògiri dé ògiri, ó sì to ojú irin sórí ẹ̀, ojú irin tí kò fẹ̀ ju ìka ọwọ́ méjì lọ. Ó fi páálí kọ́ tésàn Ọ̀fà bó ṣe rántí ẹ̀ láti kékeré. Ó ti kànrìnkàn bọ ọ̀dà, ó fi ṣe igi. Lẹ́yìn tábìlì, ó gbé pákó gíga kan dúró, ó kun òkè àti ojú ọ̀run sí i lára, ó sì gbẹ́ ihò méjì sí ìsàlẹ̀ òkè náà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì.

Nùsírátù ló mú wọn pàdé. Ọ̀rẹ́ Moṣọpẹ́ ni láti ìgbà tí wọ́n jọ wà ní yunifásítì ní Ìjagun. Moṣọpẹ́ gbaṣẹ́ tíṣà. Nùsírátù ní ariwo ọmọ ọlọ́mọ ò lè pa òun, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù síwájú yunifásítì, ó ń tún fóònù ṣe. Ọwọ́ ẹ̀ mọ wáyà. Òun ni Micah máa ń gbé ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ìṣeré ẹ̀ wá bá tó bá jó. Lọ́jọ́ kan, ó bá Moṣọpẹ́ níbẹ̀ tó ń jẹ ìpékeré, ó sì gbàgbé ohun tó bá wá. Bí Nùsírátù ṣe di alárenà nìyẹn. Òun ló gba nọ́ńbà, òun ló gbé ọ̀rọ̀ lọ, òun ló gbé èsì bọ̀.

"Jókòó síbí," ni Micah sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Moṣọpẹ́ lọ kí i. Àga kan ṣoṣo ló kù ní pálọ̀ náà, ó kọjú sí òkè. "Má sọ nǹkan kan. Ṣáà máa wò."

Ọkọ̀ kékeré kan kúrò ní tésàn Ọ̀fà, ó rọra wọnú ihò apá ọ̀tún. Moṣọpẹ́ yíjú sí ihò apá òsì, ó ń retí kó yọ. Kò yọ.

"Ó dà?"

"Ó ti lọ Ìlọrin."

Moṣọpẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yìn pákó ló wà o, Micah."

"Bó bá kàn ń yí po lójú ẹ, ìṣeré ọmọdé nìyẹn. Ọkọ̀ tó bá lọ gbọ́dọ̀ lọ ni. Ó gbọ́dọ̀ pẹ́ níbi tó lọ, kí o tó máa retí ẹ̀." Ó ní òun ṣe ẹ̀yìnkùlé kan sẹ́yìn òkè náà, ojú irin márùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, níbi tí àwọn ọkọ̀ ti ń dúró de àsìkò wọn. "Ẹ̀yìnkùlé yẹn ló le jù láti ṣe. Ibi tó ò ń wò yìí, ẹnikẹ́ni lè ṣe é."

Ó wá sọ bí ẹni tó ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀ pé, "Ọ̀ṣogbo, ó yá."

Moṣọpẹ́ ṣì ń wo obìnrin kékeré kan tí Micah gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tésàn, tó gbé igbá karí. Ìgbà tó gbójú sókè wo ihò ni ọkọ̀ gígùn kan tó ń kó màlúù lọ sí Ọ̀ṣogbo yọ orí jáde. Kò yá jù, kò pẹ́ jù. Àfi bíi pé ojú ẹ̀ ló fà á jáde. Bó ṣe rí ní gbogbo ọjọ́ náà nìyẹn, àti ní gbogbo ìgbà tó tún lọ. Tó bá ti wo ihò, ọkọ̀ á yọ.

"Ọkùnrin yìí mọ inú mi," ló ń sọ fún ara ẹ̀ nínú ọkọ̀ tó gbé e padà sí Òde. Ohun tó fi fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ẹwà, kì í sì ṣe owó, Micah ò ní méjèèjì lọ títí.

Nílé, Pirinsípà ò gbà.

"Mo tọ́ ọ, mo rán ọ níwèé, o wá fẹ́ fẹ́ ẹni tó ń fọn fèrè rélùwéè ní pálọ̀?"

"Dádì, kì í fọn fèrè."

"Kò tíì fọn ọ́n ni. Ọkùnrin tó yẹ kó ti bí ọmọ mẹ́ta ló ń ra ọkọ̀ ìṣeré fún ara ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá bímọ, ta ló máa fi í ṣeré nínú òun àti ọmọ?"

Màmá Moṣọpẹ́ bẹ Pirinsípà, pásítọ̀ bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀ jálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀ nígbà tí òkè sín.

Àsìkò ọyẹ́ ni, eruku gba gbogbo ìlú. Moṣọpẹ́ jókòó sórí àga ẹ̀ ní Imùṣin, Micah ní "Ọ̀ṣogbo, ó yá," ẹnì kan sì sín lẹ́yìn pákó. Ó sín lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ta nìyẹn?"

Micah fọwọ́ nu tábìlì tí kò dọ̀tí. "Nùsírá ni."

"Nùsírá wo?"

Nùsírá náà ti yíká láti ẹ̀yìn ilé, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, eruku bo híjáàbù ẹ̀. "Ọ̀rẹ́ mi, má bínú," ó ní. "Ọyẹ́ ni."

Micah ṣàlàyé, àlàyé náà sì ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ sí i. Ó ní ẹni tó bá wà níwájú ò lè rí ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí á máa rán wọn jáde. Ó ní Nùsírá ló so gbogbo wáyà ibẹ̀, òun ló sì ń bá òun jókòó síbẹ̀ kí òun tó mọ Moṣọpẹ́ rárá.

"Kí ló dé tí mi ò mọ̀?"

"Òun ló ní kí n má sọ. Ó ní kò ní dùn mọ́ tó o bá mọ̀."

Òun ló ní kí n má sọ. Moṣọpẹ́ gbé gbólóhùn yẹn délé, ó gbé e sùn, ó gbé e jí. Gbogbo ìgbà tó rò pé àwọn méjì ló wà ní pálọ̀ yẹn, mẹ́ta ni wọ́n. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti sọ sí Micah létí bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí i lọ́kàn, ó sì ń fi etí Nùsírátù gbọ́ ọ. Kí ni ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ ń wá lẹ́yìn pákó ọkùnrin? Àwọn méjèèjì ní àdéhùn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ara wọn. Ọ̀ṣogbo, ó yá. Micah ò tíì fi irú ohùn jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ pe òun rí.

Ó bi Micah lórí fóònù bóyá nǹkan kan wà láàárín wọn. Micah ní rárá. Ó ní kó búra. Micah búra. Ìbúra náà ò tẹ́ ẹ lọ́rùn, torí ó yá jù.

Bí ẹni pé ìyẹn ò tó, Pirinsípà pè é sí yàrá ní ọjọ́ Ìsinmi kan. "Màmá rẹ ò jẹ́ kí n sinmi," ó ní. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé yìí, mo máa lọ fojú ara mi rí ọkọ̀ ọ̀hún. Tí mo bá rí i pé ìṣeré ni, ọ̀rọ̀ ti tán. O ò ní dárúkọ ẹ̀ létí mi mọ́."

Kàkà kí Moṣọpẹ́ lọ sọ fún Micah kó tún ilé ṣe, Ìjagun ló kọ́kọ́ gbà lọ.

Nùsírátù ń tú fóònù akẹ́kọ̀ọ́ kan palẹ̀. Ó fa àpótí fún un, Moṣọpẹ́ ò jókòó.

"Nùsírá, kí làwọn àgbà ń sọ nípa alárenà?"

Nùsírátù gbé irin gbígbóná ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Ó mọ òwe náà. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. "Wọ́n ní bí ojú bá ti mọ ojú, alárenà a yẹ̀bá."

"Ojú mi ti mọ ojú ẹ̀."

"Mo gbọ́," ni Nùsírátù ní. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kan nínú àpò ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé Micah, ó sì gbé e sórí káńtà. Moṣọpẹ́ ò mọ̀ pé ó ní kọ́kọ́rọ́. Ìyẹn náà tún jẹ ẹ́ lára.

"Sọ fún un pé ọwọ́ ẹ dí, pé o ò lè máa wá mọ́."

"Mi ò ní parọ́ fún un. Ìwọ ni kó o sọ ọ́, nítorí ìwọ ló lé mi."

Moṣọpẹ́ kó kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì, ó ń rìn bí ẹni tó borí ẹjọ́. Ṣé ó sọ fún Micah? Kò sọ. Ó ní òun á sọ ọ́ lọ́la. Nígbà tó di ọ̀la, ó wò ó pé Micah á bèèrè ìdí, òun ò sì ní lè sọ ìdí náà kó má dà bí ohun tó jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ń sún un síwájú títí Pirinsípà fi wọ agbádá lọ́jọ́ tó dá.

Micah dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ẹnu ọ̀nà. "Ẹ káàbọ̀, sà."

"Dìde. Ọkọ̀ ọ̀hún dà?"

Micah mú un lọ sórí àga. Kò tilẹ̀ ráyè yẹ ẹ̀yìn wò. Ní tiẹ̀, ó ti fi ọjọ́ náà ránṣẹ́ sí Nùsírá, Nùsírá kì í sì í já a kulẹ̀. Ẹ̀yìn ló máa ń gbà wọlé, kì í sì í pariwo. Ó tẹ bọ́tìnì, ọkọ̀ Ọ̀fà gbéra, ó wọnú òkè lọ. Pirinsípà ń wò ó lọ.

"Ọ̀ṣogbo, ó yá," ni Micah sọ.

Òkè dákẹ́.

"Ọ̀ṣogbo, ó yá."

Pirinsípà wo ihò, ó wo Micah. "Ọkọ̀ méjì lo ní, àbí ẹyọ kan? Ṣé èyí tó lọ yẹn náà ni gbogbo ẹ̀?"

Òógùn bo iwájú orí Micah. Inú báàgì Moṣọpẹ́ ni kọ́kọ́rọ́ wà, ó sì wúwo lójú ẹ̀ bí ọlọ. Ó rò ó pé bí òun bá jókòó síbí, bàbá òun á dìde, á gbọn agbádá, gbogbo ẹ̀ á sì parí. Á sì wá jẹ́ pé Micah ni owú òun lé lọ, kì í ṣe Nùsírá.

"Dádì, mo ń bọ̀," ó ní. Ó rìn jáde jẹ́jẹ́. Nígbà tó kọjá igun ilé ló bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sínú òkùnkùn àti ooru. Àyè ibẹ̀ ò ju ibi tí èèyàn kan lè fẹ̀gbẹ́ wọ̀ lọ. Àpótí kan wà nílẹ̀, ẹní ìkírun kan ká jọ sí igun, fáànù kékeré kan ti kú. Lórí pákó tóóró kan ni àwọn ọkọ̀ tò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ń dúró. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ti dúró lápá ibí. Bọ́tìnì márùn-ún ló wà, wọ́n fi kútẹ́ẹ̀sì kun ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tiẹ̀, ojú irin kọ̀ọ̀kan sì ní àwọ̀ kan náà. Pupa ibẹ̀, Moṣọpẹ́ dá a mọ̀. Kútẹ́ẹ̀sì òun ni, tí Nùsírá yá lọ́wọ́ òun tí kò dá padà.

Ihò kékeré kan wà nínú pákó, ní ibi tí ojú ẹni tó bá jókòó máa dé. Ọkàn ẹ̀ gbóná. Ibi tí Nùsírá ti ń wo Micah nìyí, ó ní nínú ara ẹ̀. Ó fi ojú sí i.

Kò rí Micah. Ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, kò rí ju etí aṣọ ẹ̀ lọ. Ohun kan ṣoṣo tí ihò náà ń fi hàn ni àga àlejò, àti ojú ẹni tó bá jókòó sí i. Ojú bàbá ẹ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí. Ó ń wo tésàn. Ó ń wo obìnrin kékeré tó gbé igbá.

Ibẹ̀ ló ti yé Moṣọpẹ́. Kì í ṣe Micah ló mọ inú ẹ̀. Gbogbo ìgbà tó fi rò pé ojú òun ló ń fa ọkọ̀ jáde, ẹnì kan jókòó síbí nínú ooru, ó ń ṣọ́ ojú náà.

Ó fọwọ́ lé bọ́tìnì pupa, ó dúró. Pirinsípà mí kanlẹ̀, ó gbójú sókè wo ihò. Moṣọpẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ màlúù wárìrì, ó rọra gbéra, ó sì yọ jáde sínú ìmọ́lẹ̀.

Ó ń rí ojú bàbá ẹ̀ bó ṣe ń yí padà. Ọkùnrin náà tẹ̀ síwájú lórí àga. "Wọ́n rán mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ní òkè lọ́hùn-ún," ó sọ fún Micah, ohùn ẹ̀ ti rọ̀. "Màmá mi dúró ní tésàn, ó gbé igbá báyìí. Mo ń wò ó títí mi ò fi rí i mọ́. Mi ò mọ̀ pé òun náà ń wò mí." Ó tọ́ka sí ihò. "Jẹ́ kí òmíràn jáde."

Òmíràn jáde. Gbogbo wọn ló jáde tán. Nígbà tí Pirinsípà dìde, ó ní kí àwọn ará ilé Micah máa bọ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ó sì lọ jókòó sínú mọ́tò kí wọ́n má bàa rí omijé lójú òun.

Moṣọpẹ́ padà wọlé pẹ̀lú eruku lójú. Micah wò ó, ó wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ ẹ̀. "Kí lo sọ fún Nùsírá?"

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn. Kò ní o ṣé, kò ní báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n. Owú tún ta á bí agbọ́n, ṣùgbọ́n ó sọ òtítọ́ fún un, gbogbo ẹ̀. Micah ò pariwo. Ó ní, "Lọ bẹ̀ ẹ́," ó sì yíjú sí ọkọ̀ ẹ̀.

Ó lọ. Nùsírátù tún fa àpótí fún un; lọ́tẹ̀ yìí, ó jókòó.

"Mo jókòó síbi tó o máa ń jókòó sí," ni Moṣọpẹ́ sọ. "Má bínú sí mi. Mo rò pé Micah lò ń wò."

"Mi ò bínú."

"Ta ló dá ihò yẹn?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé tó ò dá a síbi tí wàá ti máa rí i?"

Nùsírátù fi aṣọ nu gíláàsì fóònù kan, ó nù ún ju bó ṣe yẹ lọ. "Tí mo bá ń rí i, mi ò ní lè ṣiṣẹ́."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Moṣọpẹ́ ò mọ ibi tó máa fojú sí.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀," ni Nùsírátù ní. "Kò mọ̀. Kò ní mọ̀ láyé, àfi tó o bá sọ fún un. Lọ́jọ́ tó bá ọ níbí, ó bi mí pé, ta nìyẹn? Ó ti ń wá sí ṣọ́ọ̀bù yìí tipẹ́, kò bi mí rí pé ta ni èmi. Mo wá ní kí n kúkú ṣe é dáadáa fún ẹ, torí ọ̀rẹ́ mi ni ẹ́. Owú tó o jẹ, o ò jẹ ẹ́ lásán. Ibi tó o dojú ẹ̀ kọ nìkan ni kò dáa."

"Padà wá."

"Rárá. Òwe tó o pa, òtítọ́ ni. Alárenà ti yẹ̀bá."

Lẹ́yìn Àjíǹde ni wọ́n ṣègbéyàwó. Nùsírátù wá, ó jẹun, ó bá wọn ya fọ́tò, ó sì lọ. Moṣọpẹ́ ló wá di ará ẹ̀yìn pákó. Òun ló ń ṣọ́ ojú àwọn àlejò, ó sì ra fáànù tuntun síbẹ̀. Ẹní ìkírun náà ṣì wà ní igun, kò gbé e kúrò.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Nùsírátù wá kí wọn pẹ̀lú Abdulbasit, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń ta iná sólà ní Òde, tó fẹ́ fẹ́ ẹ. Nùsírátù ti so gbogbo wáyà ilé yẹn, ṣùgbọ́n kò jókòó sórí àga àlejò rí. "Jókòó síbí," ni Micah sọ fún un. Moṣọpẹ́ gba ẹ̀yìn lọ, ó jókòó, ó fi ojú sí ihò.

Ọkọ̀ Ọ̀fà wọlé. Abdulbasit dúró lẹ́yìn àga, ó ń wo òkè, ó ń mi orí. Nùsírátù ò wo òkè. Ẹ̀gbẹ́ kan ló ń wò, níbi tí Micah dúró sí, tí ihò náà ò lè dé. Ojú tó fi ń wò ó, Moṣọpẹ́ mọ̀ ọ́n, torí irú ẹ̀ ni òun náà fi ń wò ó.

Owú ò kú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ó kàn ti ń sùn ni.

"Ọ̀ṣogbo, ó yá," ni Micah sọ.

Ìka Moṣọpẹ́ wà lórí bọ́tìnì pupa. Bó bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, ọkọ̀ á yọ, Nùsírá á yíjú kúrò lára ọkọ òun, ọ̀rọ̀ á sì parí. Ó gbé ìka náà kúrò.

"Ọ̀ṣogbo?"

Ó jẹ́ kí Nùsírá wò ó tẹ́rùn. Ó dúró nínú ooru náà títí Nùsírátù fi mí, tó fọwọ́ tún híjáàbù ẹ̀ ṣe, tó sì fúnra ẹ̀ gbé ojú wá sí ẹnu ihò tí ọkọ̀ ń gbà yọ.

Ìgbà náà ló tó tẹ̀ ẹ́.